Ìwé Kíkọ Ọmọdé: Ohun Tó Yẹ Kí Ọmọ Lè Kọ Láti Kíláàsì Kìíní Dé Ìkẹta

Iṣẹ́ mẹ́ta ló máa ń pàdé lórí ìwé ọmọ kékeré tó bá ń kọ̀wé. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ lè darí pẹ́ńsù. Etí gbọ́dọ̀ lè gbọ́ ìró inú ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ sì mọ lẹ́tà tó dúró fún ìró kọ̀ọ̀kan. Ọkàn náà gbọ́dọ̀ ní ohun tó fẹ́ sọ. Àgbàlagbà kì í rántí méjì àkọ́kọ́ mọ́ nítorí ó ti mọ́ ọn lára. Ohun tó fẹ́ sọ nìkan ló kù tó ń rò. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò tíì débẹ̀. Bó bá ń ronú bóun ṣe máa fa ìrù lẹ́tà g wálẹ̀, ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kọ lè fò lọ lórí rẹ̀; bó bá sì rántí ọ̀rọ̀ náà, ó lè gbàgbé láti fi àyè sílẹ̀ kó tó kọ èyí tó tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí ìwé ọmọ tó mọ ìtàn sọ fi lè rí wúruwùru, tí ẹlòmíràn tí kò lè dá gbólóhùn kan ṣe sì ń kọ lẹ́tà tó gún régé. Òbí tó bá wo ẹwà lẹ́tà nìkan kò ì tíì mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ dé.

Ìlànà ìjọba Nàìjíríà lórí ètò ẹ̀kọ́, tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní ọdún 1977, fi ọdún mẹ́fà lélẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó ti pé ọdún mẹ́fà ló yẹ kó wọ kíláàsì kìíní, lẹ́yìn tó bá ti lo ọdún kan ní jẹ́lé-ó-sinmi. Àjọ NERDC, tí olú-iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Sheda lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja, ló ń kọ ohun tí wọ́n máa fi kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan jákèjádò orílẹ̀-èdè. Àjọ UBEC, tí òun náà fi Àbújá ṣe ibùjókòó, ló ń mójú tó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó jẹ́ dandan, èyí tí òfin ọdún 2004 fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba tó wà káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó yí olú-ìlú ká, ìyẹn AMAC, Bwari, Gwagwalada, Kuje, Kwali àti Abaji, ni àwọn ará ìlú ń pè ní LEA. Ibi tí wọ́n ti ń kọ ìlànà àti ibi tí ọmọ ti ń fi pẹ́ńsù gbìyànjú rẹ̀ kò jìnnà síra wọn rárá. Ohun tó wà nínú ìwé ìlànà àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì ló jìnnà síra.

Kí ọmọ tó dé kíláàsì kìíní, ọwọ́ rẹ̀ ti ní ìrìn tirẹ̀. Egungun kéékèèké mẹ́jọ ló wà ní ọrùn ọwọ́ àgbàlagbà. Nígbà tí wọ́n bí ọmọ, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó tíì le. Méjì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í le láàárín oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, àwọn yòókù á máa tẹ̀ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó gbẹ̀yìn kì í sì í bẹ̀rẹ̀ títí ọmọ á fi tó ọdún mẹ́jọ sí méjìlá. Bí ọmọ ṣe ń di pẹ́ńsù mú náà ń yí padà. Ọmọ ọdún kan àbọ̀ máa ń dì í mọ́ inú ìkúùkù, láti èjìká ló sì ti ń fà á. Lẹ́yìn náà ni ìdarí á sọ̀ kalẹ̀ sí ìgúnpá, á dé ọrùn ọwọ́, á sì dé ìka. Láàárín ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń dé orí dídì tó rọrùn jù: àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá gbá pẹ́ńsù mú, ó sì fẹ̀yìn ti ìka àárín.

Ojú àti ọwọ́ náà ní láti mọ ara wọn. Bí ọmọ bá pé nǹkan bí ọdún mẹ́ta, ó lè wo òbíríkítí kó sì ya irú rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin, ó lè ya àmì àgbélébùú. Igun mẹ́rin dọ́gba máa ń tó bí ọdún márùn-ún, igun mẹ́ta sì máa ń pẹ́ jù ú lọ nítorí ìlà rẹ̀ dagun. Lẹ́tà kò ju àkójọpọ̀ irú ìlà báwọ̀nyí lọ. Ọmọ tí kò tíì lè fa ìlà tó dagun kò lè kọ K tàbí X kó dára, bó ti wù kí wọ́n pariwo mọ́ ọn tó. Síbẹ̀, kì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni Àbújá pé kí ọmọ ọdún mẹ́ta gbé iṣẹ́ àṣetiléwá délé: A fún odindi ojú-ìwé kan, B fún òmíràn. Ìyá á jókòó tì í lẹ́yìn tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà Nyanya ti gba agbára rẹ̀ tán, á di ọwọ́ ọmọ mú, òun gan-an ni á sì kọ ọ́. Àwọn òbí a máa sọ pé kékeré ni wọ́n ti ń pẹ̀ka ìrókò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó yẹ fún ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta yàtọ̀. Bíbó ẹ̀gúsí, sísín ìlẹ̀kẹ̀ sókùn, fífi amọ̀ mọ nǹkan, gígé ìwé pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì, fífi ìka yàwòrán sínú yanrìn, kíkó ọmọ ayò lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ihò: gbogbo ìwọ̀nyí ń fún ìka lágbára ju ogún ìlà A lọ, ọmọ kì í sì í sunkún nídìí wọn.

Ohun tí ọmọ kékeré bá fà sórí ìwé tàbí sára ògiri kì í ṣe ìdọ̀tí lásán. Marie Clay, ọ̀mọ̀wé ará New Zealand, kó irú àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ jọ, ó sì tẹ ìwé jáde lórí wọn ní ọdún 1975. Ó fi hàn pé ọmọ ti ń ṣe àwárí bí ìwé ṣe ń ṣiṣẹ́ kó tó mọ lẹ́tà kankan: pé ìlà máa ń lọ sí apá kan, pé àmì kan náà lè tún padà wá. Ní ọdún 1979, Emilia Ferreiro àti Ana Teberosky gbé iṣẹ́ tiwọn jáde lórí àwọn ọmọ tó ń sọ èdè Sípéènì. Wọ́n rí i pé ọmọ a máa rò pé ọ̀rọ̀ tó dúró fún ohun ńlá yẹ kó gùn. Lójú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, kò lè yé e ìdí tí erin fi ní lẹ́tà mẹ́rin péré nígbà tí labalábá ní mẹ́jọ. Ọjọ́ tó bá yé ọmọ pé ìró ni ìwé ń kọ sílẹ̀, pé kò kan títóbi nǹkan náà, ọjọ́ ńlá ni nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, kódà bí kò bá sí ẹni tó kíyè sí i.

Iṣẹ́ kíláàsì kìíní ni láti sọ òye yẹn di ohun tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nígbà tí ọdún náà bá fi parí, ó yẹ kí ọmọ lè kọ orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀ láìwò ó. Ó yẹ kó mọ gbogbo lẹ́tà, ńlá àti kékeré, kó máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ibi tó yẹ, kó máa kọ láti òsì lọ sí ọ̀tún, kí lẹ́tà sì máa jókòó sórí ìlà. Ìwé onílà méjì ń ràn án lọ́wọ́ láti mọ èyí tó ga bíi l àti èyí tó kúrú bí a. Ó yẹ kó lè fi àyè sí àárín ọ̀rọ̀ méjì, kó sì lè kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú tí olùkọ́ bá pè. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó yẹ kó lè kọ gbólóhùn kan tàbí méjì tó ti inú ara rẹ̀ wá, ì báà ṣe àṣìṣe nínú rẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni wọ́n máa ń fò jù, òun ló sì ṣe pàtàkì jù.

Ẹ̀kọ́ ìró lẹ́tà ló ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Jolly Phonics, ìlànà kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti tàn ká ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Nàìjíríà, kì í bẹ̀rẹ̀ láti a, b, d lọ. Lẹ́tà mẹ́fà àkọ́kọ́ rẹ̀ ni s, a, t, i, p, n. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ni pé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lè di ọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ọmọ kò ní láti dúró de z kó tó kọ nǹkan tó nítumọ̀. Olùkọ́ Yorùbá lè lo irú ọgbọ́n yìí pẹ̀lú lẹ́tà mẹ́ta péré: b, a, t. Láti inú wọn ni ata, bàtà, bàbá, àbá àti abà tí wọ́n ń kó àgbàdo sí ti ń jáde. Bó bá fi i kún un, ìta àti ìbà á tún yọjú, ọmọ á sì ti rí i fúnra rẹ̀ pé àbá àti abà kò yàtọ̀ lójú ìwé àfi nípa àmì orí wọn.

Yorùbá rọrùn fún ọmọ lọ́nà kan tí Gẹ̀ẹ́sì kò fi rọrùn. Lẹ́tà 25 ló wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá, fáwẹ̀lì méje àti kọ́ńsónáǹtì 18, ìró kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan sì sábà máa ń ní. Ìpàdé tí ìjọ CMS ṣe ní Èkó ní ọdún 1875 ló fi ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ lélẹ̀, àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974 ló sì tún un ṣe sí bó ṣe wà lónìí. Ọmọ tó bá mọ lẹ́tà wọ̀nyí lè kọ ọ̀rọ̀ tí kò rí rí, kó sì gbà á. Àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà nìkan ló ṣeé ṣe kó sọnù. Ní Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà 26 ló ń gbé ìró tó tó 44, lẹ́tà kan náà sì ń yí ohùn padà láti ọ̀rọ̀ dé ọ̀rọ̀. Olùkọ́ tó bá retí pé kí ọmọ kíláàsì kìíní kọ Gẹ̀ẹ́sì láìṣàṣìṣe sípẹ́lì ń béèrè ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì gan-an kò lè ṣe.

Àṣìṣe sípẹ́lì irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ tọ́ sí kí olùkọ́ fara balẹ̀ wò ó. Ní ọdún 1971, Charles Read, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ní Amẹ́ríkà, gbé iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn ọmọ tó ń kọ̀wé kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ wọn ní sípẹ́lì. Ó rí i pé àṣìṣe wọn ní ìlànà: ohun tí etí wọn gbọ́ gan-an ni wọ́n kọ. Ní kíláàsì kan ní Kubwa tàbí Lugbe ní Àbújá, ohun tó wà létí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa ń hàn kedere. Ọmọ Yorùbá tí kò sí ìró ch nínú èdè ilé rẹ̀ lè kọ shair dípò chair. Ó lè kọ fan nígbà tí olùkọ́ pe van. Ó lè gé h kúrò níwájú house, kó wá lọ fi í síwájú egg, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń pè é nílé. Ọmọ tí Haúsá jẹ́ èdè ìyá rẹ̀ tó jókòó tì í lè kọ fensil, torí ìró p kò sí nínú Haúsá. Ọmọ mẹ́jèèjì ti ṣe iṣẹ́ tó nira: wọ́n ti tú ọ̀rọ̀ sí ìró, wọ́n sì ti wá lẹ́tà fún un. Olùkọ́ tó bá fi pẹ́ẹ̀nì pupa fa ìlà gbọọrọ lórí rẹ̀ láìsọ̀rọ̀ ti jẹ́ kí àǹfààní ńlá kọjá. Ohun tó yẹ ni kó pe ọ̀rọ̀ náà kí ọmọ rí ẹnu rẹ̀, kó jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìyàtọ̀, kí wọ́n tún un kọ. Èyí kò túmọ̀ sí pé kí wọ́n fi àṣìṣe sílẹ̀ títí ayé. Láti kíláàsì kejì lọ, àwọn ọ̀rọ̀ tó ń wáyé nígbà gbogbo gbọ́dọ̀ máa tọ́ díẹ̀díẹ̀, pàápàá àwọn tí etí nìkan kò lè ran ọmọ lọ́wọ́ lórí wọn.

Lẹ́tà tó kọjú sí òdì náà máa ń kó ẹ̀rù bá òbí. Ọmọ a máa kọ b bíi d, á yí s padà, á kọ 3 kó kọjú sí ibi tí kò yẹ. Títí di nǹkan bí ọdún méje, kò sí àìsàn kankan nínú rẹ̀. Gbogbo ohun tí ọmọ ti mọ̀ láyé kí ó tó rí lẹ́tà, orúkọ wọn kì í yí padà bí wọ́n bá yí ojú síbòmíràn: ife ṣì jẹ́ ife, ì báà kọ etí sọ́tùn-ún tàbí sósì. Lẹ́tà ni ohun àkọ́kọ́ tó máa bá pàdé tó jẹ́ pé ibi tó kọjú sí ló sọ orúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ọmọ Mùsùlùmí tó ń lọ ilé-kéwú ní ìrọ̀lẹ́ tàbí lópin ọ̀sẹ̀ ń fi gègé àti tàdáwà kọ lẹ́tà Lárúbáwá sórí wàláà láti ọ̀tún lọ sí òsì, tí wọ́n sì ń kọ ABD láti òsì lọ sí ọ̀tún ní òwúrọ̀. Wọ́n máa ń yà á sọ́tọ̀ bí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan bá fi ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ hàn wọ́n kedere, ọwọ́ tó ti mọ gègé sì máa ń rí pẹ́ńsù bí ohun tó rọrùn.

Ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń lo ọwọ́ òsì burú ju ìyẹn lọ, nítorí àgbàlagbà ló ń dá wàhálà ibẹ̀ sílẹ̀. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ni wọ́n bí bẹ́ẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, a kì í sì í fi kí àgbà tàbí gba ẹ̀bùn. Ìwà ọmọlúàbí ni, ó sì yẹ kí ọmọ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìwé kíkọ kì í ṣe ìkíni. Ọmọ tí wọ́n fi pàṣán gba pẹ́ńsù kúrò lọ́wọ́ òsì rẹ̀ ní láti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tí kò gbọ́ràn, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń lọ. Ohun tó ń fẹ́ kò tó nǹkan: kí wọ́n jẹ́ kó jókòó sí ìpẹ̀kun òsì lórí bẹ́ǹṣì kí ìgúnpá rẹ̀ má bàa máa kọ lu ti ẹnìkejì, kí orí ìwé rẹ̀ dà sí apá ọ̀tún díẹ̀, kó sì di pẹ́ńsù mú sókè díẹ̀ kó lè máa rí ohun tó ń kọ.

Ní kíláàsì kejì, ọwọ́ ti ń fúyẹ́. Lẹ́tà á ti fẹ́ máa tóbi bákan náà, lẹ́tà ńlá á wà níbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn àti níwájú orúkọ ènìyàn, àmì ìdánudúró á sì wà níparí. Àpèkọ á ti kúrò ní ọ̀rọ̀ kan, á di gbólóhùn kúkúrú. Ọmọ lè kọ gbólóhùn mẹ́ta sí márùn-ún sábẹ́ àwòrán tó yà fúnra rẹ̀. Àwòrán yẹn kì í ṣe eré, nítorí òun ló ń bá a di èrò mú nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ó ti yẹ kó máa ka ohun tó kọ padà, kó sì máa rí i fúnra rẹ̀ pé òun fo ọ̀rọ̀ kan.

Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ ìkọ̀wé onílẹ́tà tó so kọ́ra máa ń dìde. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ń fi ṣe àmì pé àwọn ju àwọn yòókù lọ, wọ́n sì ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní nọ́sìrì. Kò sí èrè níbẹ̀. Ìlànà ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní September 2014, tí àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham ń lò níléèwé, fi kíkọ lẹ́tà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́nà tó tọ́ ṣáájú, ó sì fi bíbẹ̀rẹ̀ sí í so wọ́n pọ̀ sí ọdún kejì. Ìlànà kan náà sọ pé kí ọmọ máa sọ gbólóhùn rẹ̀ jáde lẹ́nu kó tó kọ ọ́. Ìyẹn ni ohun tó yẹ kí àwọn olùkọ́ Àbújá yá lò jù, nítorí kò gba kọ́bọ̀. Ọmọ tó ti sọ ọ́ kò tún ní láti máa wá a kiri nígbà tó bá ń wá lẹ́tà.

Nígbà tí kíláàsì kẹta bá fi parí, àròkọ kúkúrú ló yẹ kó wà níbẹ̀: odindi ìpínrọ̀ kan tàbí méjì lórí ara rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ọjọ́ ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì, bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ kan. Ìṣẹ̀lẹ̀ á máa tẹ̀ léra, àmì ìbéèrè á wà níbi tó yẹ, ọmọ á sì lè fi ‘nítorí’, ‘nígbà tí’ àti ‘ṣùgbọ́n’ so èrò pọ̀. Ó yẹ kó lè kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kó gbọ́ ohun tí olùkọ́ sọ, kó sì tún un kọ kó dára ju ti tẹ́lẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọmọ kì í dé ibẹ̀. Àjọ UNICEF sọ pé mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà láàárín ọdún méje sí mẹ́rìnlá kò lè ka gbólóhùn kan tó rọrùn tàbí yanjú ìṣirò kékeré. Ẹni tí kò lè ka gbólóhùn kò lè dá a kọ. Bẹ́ẹ̀ ìwé irú àwọn ọmọ wọ̀nyí sábà máa ń kún. Olùkọ́ á kọ ọ́ sí pátákó, ọmọ á dà á kọ. Òbí á ṣí ìwé, á rí ojú-ìwé tó kún, inú rẹ̀ á dùn. Àdàkọ wúlò fún ọwọ́ ní oṣù àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n bó bá di gbogbo iṣẹ́, etí àti ọkàn kò ní rí nǹkan ṣe. Ọ̀nà kan wà tí òbí lè fi mọ̀: kó fọwọ́ bo apá kan ohun tí ọmọ kọ, kó ní kó ka apá tó kù, tàbí kó ní kó kọ gbólóhùn kan nípa ohun tó jẹ lówùúrọ̀, sórí ìwé tí kò ní nǹkan kan.

Kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń mú olùkọ́ rọ̀ mọ́ àdàkọ. Ìlànà ìjọba sọ pé kí olùkọ́ kan má ní ju ọmọ 35 lọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ní àwọn ìlú tó yí Àbújá ká, níbi tí èrò ń ya sí lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ kíláàsì ló ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kíka ìwé ọgọ́ta ọmọ, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti kọ ohun tirẹ̀, iṣẹ́ ọ̀sán àti òru ni. Ìdánwò ìwọlé sí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tí NECO ń ṣe kò tún ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí yíyan ìdáhùn ló gbà. Ọmọ lè yege níbẹ̀ láìkọ gbólóhùn kan. Láti oṣù March títí wọ July 2025, ilẹ̀kùn àwọn LEA tì pa nítorí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ tí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kò san owó oṣù tuntun tó kéré jù, ₦70,000, fún. Ẹ̀tọ́ wọn ni wọ́n ń béèrè. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wọ kíláàsì kìíní ní September 2024 pàdánù oṣù tó yẹ kí lẹ́tà fi di ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ tó bá sì dúró láìkọ nǹkan fún oṣù mẹ́ta ní ọdún mẹ́fà máa ń gbàgbé púpọ̀. Ìdínkù iye ẹ̀kọ́ tí ìjọba kéde ní ọdún kan náà, tó fi mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá lélẹ̀ fún kíláàsì kìíní sí ìkẹta, lè fún ìwé kíkọ láyè sí i bí wọ́n bá lo àkókò náà bó ṣe yẹ.

Èdè tí ọmọ fi ń kọ̀wé tún ń pinnu bó ṣe máa tètè dé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìlànà ìjọba sọ pé èdè àyíká ni kí wọ́n fi kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1970, ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen’s ‘A’ ní Mọ́dákẹ́kẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún odindi ọdún mẹ́fà, tí olùkọ́ tó mọ̀ nípa rẹ̀ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì kẹrin, àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kàwé kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa jù wọ́n lọ nínú àwọn ẹ̀kọ́ yòókù. Ní November 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí èdè ìyá gba gbogbo ọdún mẹ́fà náà. Ní November 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, kéde ní Àbújá pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa lò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kò sí àní-àní pé Àbújá ṣòro fún ìlànà èdè ìyá. Gbagyi ló ni ilẹ̀, Haúsá ni èdè ọjà, Yorùbá, Ígbò, Tív àti Nupe sì wà lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí Ifẹ̀ kò tìtorí ìyẹn parẹ́. Òbí Yorùbá tó wà ní Àbújá kò ní láti dúró de ìjọba kí ọmọ rẹ̀ tó lè kọ Yorùbá. Nítorí pé lẹ́tà rẹ̀ kì í tan ọmọ jẹ, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lálẹ́ tó, kí ọmọ kọ ohun tí wọ́n máa rà lọ́jà Wuse, tàbí kó kọ ìwé kúkúrú sí ìyá àgbà ní Ọ̀yọ́ tàbí Òṣogbo, kí wọ́n sì fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Òye pé ìwé ń gbé ìró á bá a dé inú Gẹ̀ẹ́sì. Kò ní láti kọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn ọmọ kan wà tí ìṣòro wọn ju ti ìdúró díẹ̀ lọ. Bí ọmọ bá ń parí kíláàsì kejì tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀, tí kò mọ lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n pè, tí ọwọ́ ń dùn ún lẹ́yìn ìlà méjì, tàbí tó ń da ohun tí ó wà ní pátákó kọ tí ó sì ń fo ìlà nígbà gbogbo, ojú àti etí rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò nílé ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ń pè ní olódo ló jẹ́ pé wọn kò rí pátákó. Ó tún lè jẹ́ pé ọmọ náà gbọ́n, ó ń sọ̀rọ̀ tó já gaara, àmọ́ lẹ́tà kò yéé dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́. Irú èyí máa ń wà láàárín ẹbí, nínà kò sì lè wò ó.

Olùkọ́ kíláàsì kẹrin tó bá gba ọmọ tí kò tíì lè kọ gbólóhùn kò gbọ́dọ̀ fi i sẹ́yìn kíláàsì kó máa da ìwé àwọn yòókù kọ. Kó padà sí ìró lẹ́tà pẹ̀lú rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójoojúmọ́, pẹ̀lú àwọn mélòó kan tó bá wà ní ipò kan náà. Kó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀rọ̀ tí ọmọ fẹ́ kọ, orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti ohun tó fẹ́ràn, kó sì mú àṣìṣe kan ṣoṣo lọ́jọ́ kan láti tún ṣe. Kí wọ́n fi déètì sí ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀, kí ọmọ fúnra rẹ̀ lè fi ti October wé ti February.